Alága Ọ̀rọ̀ Ẹyẹ àti Ère Inú Ìrẹsì

Aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìkùukùu sì bo àkùrọ̀ náà débi pé ẹni tó dúró sínú rẹ̀ kò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n omi ṣì ń kán tó, tó, tó láti orí ewé, bí ẹni pé òjò náà gbàgbé nǹkan tó sì tún yà wá mú un. Oyèlárán dúró sínú ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń kígbe "Hùù! Hàà!" lé ẹyẹ. Àwọn ẹ̀ga fò lọ sórí igi, wọ́n dúró níbẹ̀ títí ọwọ́ fi ro ó, wọ́n sì padà sídìí oúnjẹ wọn.

Lébìrà ni Oyèlárán. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ro oko olóko, kò sì ní tirẹ̀ rí. Ọdún yìí ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó ni àkùrọ̀ náà, lẹ́yìn ìlú Ifẹ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó, yọ abala kan fún un létí odò pé kó gbin ìrẹsì tirẹ̀ sí i, nítorí pé òun ló ń la ojú omi fún gbogbo wọn. Ìrẹsì náà ti ń pọ́n. Tó bá fi ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí wọn kò gé e, yóò gbọ̀n dànù sínú omi. Tí ẹyẹ bá sì ṣáájú, kò ní sí ohun tí yóò gbọ̀n. Ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà kò ju ìyẹn lọ. Kò wá oyè, kò wá ariwo. Ìrẹsì ló ń wá.

Ibi tó ti ń pàtẹ́wọ́ ló ti gbọ́ fèrè ọkọ̀.

Ọ̀nọ́rébù Olóyè Dókítà Ọláfimíhàn ló dé yẹn, Alága Ìgbìmọ̀ Amúṣẹ́ṣe lórí Ọ̀rọ̀ Ẹyẹ àti Àwọn Ohun Mìíràn Tó Ń Fò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má bi mí bí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe délé ayé. Ohun tí a gbọ́ ni pé wọ́n ń wá ipò fún ọkùnrin náà, gbogbo ipò tó wà nílẹ̀ ti kún, ẹyẹ nìkan ni kò tí ì ní alága. Dókítà tó wà lára orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ti oògùn, kì í sì í ṣe ti ìwé. Ilé-ìwé kan tí kò ní òrùlé ló fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tó ṣèlérí òrùlé fún wọn. Dókítà náà dúró. Òrùlé náà kò dé.

Akọ̀wé rẹ̀, Bámidélé, ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni Bámidélé ń ṣe. Èkíní, òun ló ń ké orúkọ ọ̀gá rẹ̀, a kì í sì í sọ̀rọ̀ níwájú Ọ̀nọ́rébù títí orúkọ náà yóò fi tán. Èkejì, òun ló ń gbé àpò ìrẹsì kan sínú bùútù ọkọ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ti ń lọ, nínú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ti kọ́kọ́ gé tí wọ́n sì ti pa. Wọ́n ń pe àpò náà ní ìrẹsì àyẹ̀wò; mẹ́rin ti lọ ṣáájú ọjọ́ náà. Ilé ìdáná Ọ̀nọ́rébù ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.

"Gbogbo yín, ẹ dìde!" Bámidélé kígbe.

Orí ìdúró ni Oyèlárán àti àwọn àgbẹ̀ tó wà lóko wà tẹ́lẹ̀, inú omi kò ṣe é jókòó. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni àṣẹ. Àwọn obìnrin inú wọn lóṣòó díẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi tí wọn yóò ti dìde.

Bámidélé wá ké orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó tó parí, ẹ̀ga ti jẹ ìlà ìrẹsì kan tán.

Ọ̀nọ́rébù jáde nínú ọkọ̀. Agbádá rẹ̀ mu sítáàṣì tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ó kọ́kọ́ jáde kí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ tó jáde. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹyẹ! Kí ni ẹyẹ? Ta ni ẹyẹ? Níbo ni ẹyẹ wà nígbà tí àwa ń jìyà kí ìjọba alágbádá tó dé? Lónìí, ẹyẹ ń jẹ, àgbẹ̀ ń wò! Mo ní kò ṣeé ṣe!"

"Kò ṣeé ṣe!" Bámidélé dá a lóhùn.

Ìyá kan tó ń jẹ́ Àyọ̀kẹ́, òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ náà, kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ọ̀nọ́rébù. Àwọ̀n la kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún, sà. Tí a bá ti na àwọ̀n sórí ẹ̀, ẹyẹ ò ní rí i jẹ."

"Àwọ̀n?" Ọ̀nọ́rébù rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ibi tí oòrùn ń sùn. "Màmá, ti apẹja ni àwọ̀n. Àwa ti kọjá ibẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wo fíìmù òyìnbó kan. Ère kan ló dúró láàárín oko àgbàdo, wọ́n fi aṣọ àkísà wọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ dàbí ojú òkú. Kí fíìmù náà tó parí, ère náà ti pa ènìyàn mọ́kànlá! Tí ère bá lè pa òyìnbó mọ́kànlá, kí ni ẹ̀ga?"

"Kí ni ẹ̀ga!" Bámidélé tún dá a lóhùn.

Màmá Àyọ̀kẹ́ rò ó díẹ̀. "Ẹyẹ mélòó ló pa nínú fíìmù náà, sà?"

Bámidélé ní Ọ̀nọ́rébù kò wá síbí wá ṣe ìdánwò. Wọ́n nàka sí Oyèlárán pé kó ṣe ère kan kó tó di ọjọ́bọ̀, ère tó burú, ère tó ń dẹ́rù bani. Wọn kò fún un ní ìṣó kan, wọn kò fún un ní okùn kan. Àpò ìrẹsì àyẹ̀wò wọ bùútù, wọ́n sì lọ.

Oyèlárán gé oparun, oparun náà sì ya á lọ́wọ́. Ó rán àpò sìmẹ́ńtì pọ̀, ó fi igbá ṣe orí, ó fi èédú kun ojú sí i. Kì í ṣe agbẹ́gilére, ojú tó sì mọ̀ ọ́n kùn ni ojú tó ń rí lójoojúmọ́. Nígbà tí Ọ̀nọ́rébù dé lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú oníròyìn rédíò kan, ó wo ère náà, ó bínú.

"Kí lèyí? Ojú rẹ̀ tutù jù! Ó jọ ẹni tó wá tọrọ iyọ̀! Bámidélé, kí ni àwọn ará oko máa ń bẹ̀rù?"

Bámidélé kò mọ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò mọ nǹkan. Ó sáré lọ sí ààtàn, ó sì kó ohun tó bá rí níbẹ̀ tó burú lójú bọ̀: ògbólógbòó ìgbálẹ̀, bàtà tó ti jẹ ní ìsàlẹ̀, àkísà pupa, ìkarahun ìgbín mẹ́ta.

Ẹni tó bá dàgbà lóko kò ní kí n ṣàlàyé fún òun. Tí ènìyàn bá so irú àwọn nǹkan báwọ̀nyí pọ̀ mọ́ irè oko, ààlè ló so. Ààlè kì í lé ẹyẹ. Ènìyàn ni í lé. Ohun tó bá jáde lẹ́nu ẹni tó ń so ó ni yóò bá ẹni tó bá fojú di í, ẹni tó sì so ó nìkan ló lè tú u. Agbo ilé kan ní Ìrèmọ, nínú ìlú Ifẹ̀, ni wọ́n ti bí Ọ̀nọ́rébù, ó yẹ kó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ohun oko láìtẹ oko.

Oyèlárán, tí kì í sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àwọn nǹkan tí ẹ fẹ́ so pọ̀ yìí, sà..."

"Ta nìyẹn?"

"Oyèlárán ni, sà. Lébìrà."

"Ìwé mélòó lo kà?"

"Mo dé kíláàsì kẹrin, sà."

"Kẹrin!" Ọ̀nọ́rébù yíjú sí oníròyìn. "Ẹ gbọ́ o! Dókítà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kíláàsì kẹrin ń la á lóye!"

Bámidélé rẹ́rìn-ín, ó sì ṣẹ́jú sí àwọn tó kù kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Oyèlárán fi ọwọ́ rẹ̀ tó ya pa mọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀nọ́rébù ká apá agbádá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so ìgbálẹ̀ mọ́ apá ère náà, ó so bàtà mọ́ ọn lọ́rùn, ó so àkísà pupa àti ìkarahun mọ́ ọn láyà, ó sì takókó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ oníròyìn.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi fúnra mi ni mo gé oparun yìí. Èmi ni mo rán àpò yìí. Èmi ni mo kun ojú rẹ̀. Mo sì ń wí fún gbogbo àwọn ọ̀tá iṣẹ́ àgbẹ̀ lónìí: ẹnikẹ́ni tó bá fi ọwọ́ tàbí ẹnu kan ìrẹsì inú àkùrọ̀ yìí, kí ikùn rẹ̀ wú bí ìkòkò! Kí ohun tó jẹ má lọ sókè, kó má lọ sílẹ̀! Kí ìgbálẹ̀ gbá a kúrò nípò ọlá! Títí èmi Ọláfimíhàn yóò fi fi ọwọ́ ara mi tú ohun tí mo so!"

Ẹyẹ ló ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ ló rò. Ìparí ọ̀rọ̀ náà, ó kàn dùn létí rẹ̀ ni.

Àwọn àgbẹ̀ kò pàtẹ́wọ́. Màmá Àyọ̀kẹ́ gbá orí mú. "Yéè. Ó ti tì wá síta."

"Ṣebí àwa la ni ín, Màmá?" Oyèlárán bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ní ẹnikẹ́ni. Ṣé o gbọ́ kó yọ olóko sílẹ̀?"

Lẹ́yìn wọn, Bámidélé ń ti àpò kẹfà wọ bùútù.

Láti ọjọ́ náà, ère yẹn ṣiṣẹ́ o. Ó lé gbogbo ènìyàn. Àwọn ẹ̀ga, tí wọn kò gbọ́ rédíò, bà lé e ní orí àti ní èjìká. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ kan tó wọ inú ìrẹsì. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, orí igbá náà á yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ìkarahun á kan ìkarahun, kò, kò, kò, ẹni tó bá wà nítòsí á sì rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn.

Khàdíjàh, tó ń ta àgbò ní Sábó, ló dá kún un. Ó wá ra koríko ìrẹsì fún ẹran rẹ̀, kò sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wọ inú ìrẹsì, ó sì sá jáde láìmú àpò.

"Mo rò pé ọdẹ ni!" ó ń mí hẹlẹ. "Mo kí i lédè Hausa, kò dáhùn. Mo kí i ní Yorùbá. Mo ní bóyá àgbàlagbà ni, inú ń bí i, mo bá kúnlẹ̀. Àfi kó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi! A'ùsù bíllàhi! Kí ni mo ṣe fún un?"

"O ò ṣe é ní nǹkan, ìyàwó," Màmá Àyọ̀kẹ́ ní. "Ère ni."

"Ère ló ń gbéra ga tó báyìí? Ta ló bí i?"

"Ìjọba."

Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ère náà ń rìn. Ọlọ́kadà kan búra pé òun gbé e dé oríta Oǹdó, àti pé kò dúpẹ́. Oyèlárán mọ̀ pé oparun kò ní ẹsẹ̀, òun ló gé e. Ìyẹn kọ́ ló ń dà á láàmú. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi ẹnu sọ ló ń dà á láàmú, torí ọ̀rọ̀ kì í ṣe oparun. Ó ń dúró sórí ebè lójoojúmọ́, ó ń wo abala tirẹ̀ létí odò tó ń pọ́n sí i, tó ń tẹ̀ sí i, tí ẹyẹ ń dín in kù. Ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kó gbọ̀n.

Wọ́n gbéra lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé láti bẹ Ọ̀nọ́rébù kó wá tú ohun tó so. Bámidélé dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Ọ̀nọ́rébù wà nípàdé.

Òótọ́ ni. Òun àti ikùn rẹ̀ ló ń ṣèpàdé. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti jẹ àwo mẹ́ta nínú ìrẹsì àyẹ̀wò náà, pẹ̀lú ẹ̀wà, láìsí ẹni tó bá a du. Láti ìgbà náà, ohun tó jẹ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá kí i láti Ìrèmọ, ó sì bá rédíò níbi tó ti ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ìyá náà fetí sí i, ó káwọ́ lérí.

"Ọláfimíhàn! Ta ló kọ́ ẹ ní ààlè?"

"Màámi, ẹyẹ ni mo ń bá wí."

"Ìwọ ha ni ẹyẹ bí? Oko ta lo ti mú ìrẹsì tí o jẹ lánàá?"

Láti wákàtí náà, kò sí ohun tó tún lè mú Ọ̀nọ́rébù dé àkùrọ̀ yẹn. Ó rán Bámidélé pé kó lọ tú u. Bámidélé ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ọ̀nọ́rébù wá kọ lẹ́tà sí àwọn àgbẹ̀: wọ́n ti yan ìgbìmọ̀ kékeré kan tí yóò ṣèwádìí ọ̀nà tó dára jù lọ láti tú okùn, ìgbìmọ̀ náà yóò sì jábọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

"Oṣù mẹ́ta!" Màmá Àyọ̀kẹ́ ka lẹ́tà náà tán, ó fi lé Oyèlárán lọ́wọ́. "Gbà, fi lé ẹyẹ."

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi fèrè ṣiṣẹ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ní kó wá fọn ọ́n lójú gbogbo ayé. Kọmíṣánnà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ gbọ́ rédíò náà. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì wá fojú rí iṣẹ́ ribiribi tí wọ́n ṣe.

Obìnrin tí kì í fi àkókò ṣòfò ni. Nígbà tó dé tí Bámidélé bẹ̀rẹ̀ sí í ké orúkọ, ó ní, "Ó tó, mo mọ̀ ọ́n." Ó wo inú ìrẹsì. Ẹ̀ga kún ibẹ̀ bí ọjọ́ ọjà. Ọ̀kan ń fẹnu gún igbá orí ère.

"Ọ̀nọ́rébù, ẹyẹ wo lẹ lé?"

Ọ̀nọ́rébù ti tú bẹ́líìtì sílẹ̀ lábẹ́ agbádá. Òógùn bò ó. "Mà, wọ́n kàn... wọ́n wá wo ère náà ni. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò gé ìrẹsì tó ti pọ́n báyìí?" Kọmíṣánnà bi àwọn àgbẹ̀.

Màmá Àyọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ sínú omi, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi kún un, kò yọ kúrò. "A ò bá a jà, Mà. Kó sáà tú u. Ọ̀la ni ìrẹsì yìí máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Kọmíṣánnà nàka sí ẹni tó sún mọ́ ọn jù. "Ìwọ, lọ tú nǹkan yẹn."

Oyèlárán ni. Gbogbo ojú yí sí i. Ó wo abala tirẹ̀ létí odò. Ó wo ère náà. Ìṣísẹ̀ ogún ni, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Mà. Ẹni tó so ó ni í tú u."

"Lọ tú u!" Ọ̀nọ́rébù kígbe, ohùn rẹ̀ sì ga bíi ti ọmọ adìyẹ. "Irọ́ ló ń pa, Mà! Òun ló ṣe é! Òun ló gé oparun, òun ló rán àpò, òun ló kun ojú!"

"Rárá, sà," Oyèlárán dáhùn láti ilẹ̀. "Mo gbọ́ ọ lórí rédíò pé ẹ̀yin ni."

Ẹ̀rín bú. Kọmíṣánnà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọ̀nọ́rébù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u ká máa lọ."

Ọ̀nọ́rébù wọ inú omi. Agbádá náà mu omi, sítáàṣì yọ́, ó wálẹ̀, ó wálẹ̀, títí ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ fi wá kéré bí ó ṣe kéré gan-an. Ẹrẹ̀ gba bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó na ọwọ́, ó fà á padà. Ó tún nà án. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ kan okùn, atẹ́gùn fẹ́. Orí igbá náà yí wá, ó wò ó lójú. Ìgbálẹ̀ gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, fẹ́rẹ́.

"Mo jẹ ẹ́!" Ọ̀nọ́rébù figbe ta. "Mo jẹ ẹ́ o! Àpò mẹ́fà ni! Mi ò jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ! Bámidélé náà jẹ níbẹ̀!"

"Sà!" Bámidélé kígbe láti ìdí ọkọ̀. "Ṣebí ẹ ní àyẹ̀wò ni!"

Ọ̀nọ́rébù jókòó sínú ẹrẹ̀. Màmá Àyọ̀kẹ́ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ tó já bọ́ sọ̀rọ̀. "Dìde, ọmọ mi. O ti jẹ́wọ́. Tú u. Bí o bá ṣe ń tú u, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa tú ọ sílẹ̀."

Ó ń sunkún, ó ń tú u. Ó tú ìgbálẹ̀. Ó tú bàtà. Ó tú àkísà pupa. Nígbà tó dórí ìkarahun tó kẹ́yìn, ikùn rẹ̀ kùn, ó kùn lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó ti há síbẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú sì rí ọ̀nà gbà. Ariwo tó jáde lára Ọ̀nọ́rébù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ga inú àkùrọ̀ náà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ṣú bí òjò, wọ́n sì sọdá odò. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tó tọ́ sí i: láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe alága ọ̀rọ̀ ẹyẹ, àwọn nìkan ni ẹyẹ tó lé.

Kọmíṣánnà dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. Ó ní láti ìṣẹ́jú náà lọ, ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti tú ká. Ó ní kí àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kó tó di ọ̀la, kí ìjọba sì ra àwọ̀n fún wọn. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ìjọba lọ́wọ́ Bámidélé. Ọlọ́kadà ló gbé Ọ̀nọ́rébù lọ, ó sì tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó kó tó gbà á.

Àwọn àgbẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, wọ́n ń ṣe ohùn rẹ̀, wọ́n ń lu ara wọn léjìká. Oyèlárán ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó mú dòjé, ó wọ abala tirẹ̀ létí odò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìrẹsì.